Oṣù Kẹjọ tí Mo Fi Ṣọ́ Ajá ní Ẹ̀pẹ́

Tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé ní Leeds, kọ́kọ́rọ́ ilé onílé máa ń pọ̀ lọ́wọ́ mi ju tèmi lọ. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, àwọn òbí ń kó ẹrù lọ sí Sípéènì, ajá ò sì lè bá wọn lọ. Ẹni tó bá lè sun ilé wọn, tó lè fún ajá lóúnjẹ kó sì mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á sanwó fún un. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ti bá mi gbọ́ bùkátà díẹ̀. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe pè mí láti Ẹ̀pẹ́ lọ́dún yìí: ọmọ rẹ̀ bímọ ní Kánádà, ó ń lọ wẹ ọmọ, ta ni yóò dúró ti ajá àti ológbò òun? Mo ní ṣé kò sí aládùúgbò ni. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lò ń ṣe é fún òyìnbó? Àbí ajá tèmi ò nírù ni?" Bí mo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Èmi ń bọ̀ wálé, òun ń lọ sókèèrè, díẹ̀ ló kù ká pàdé ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà.

Àlejò kì í ṣe tuntun ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ọdún 1862 ló tó padà sí Èkó. Àwọn tí kò bá a padà ló bí àwọn tí à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ dòní, tí àwọn àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ jọ ń gbé. Nítorí náà kò yà wọ́n lẹ́nu pé èèyàn ti ibòmíràn wá. Ajá tí mo torí ẹ̀ wá ló yà wọ́n lẹ́nu. Mo padà gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ ní ẹ̀yìnkùlé ni pé wọ́n dá mi padà láti ìlú òyìnbó, pé ọ̀rọ̀ ajá yẹn, mo kàn fi bojú ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tí wọ́n dá padà tún máa ń rí ẹni bù ọbẹ̀ fún un.

Ajá ọ̀hún, Bíńgò lásán ni, pupa, etí rẹ̀ kan ti ya, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn. Jẹ́nsinmi lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ohun tí ẹnu ò lè sọ lójú aládùúgbò, wọn á fi sọ ajá, wọn á wá máa pe ajá láàárọ̀ lálẹ́, ẹni tọ́rọ̀ kàn á gbọ́. Ìyá Ìbejì tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wa lọ́rọ̀ kàn. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ dojú ẹnu kọ fèrèsé yàrá ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti sọ ọ́ títí, ó sú wọn. N ò mọ nǹkankan nínú ẹ̀ nígbà tí mo dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni mo máa ń dúró lẹ́nu géètì, tí mo máa fi gbogbo ohùn pe, "Jẹ́nsinmi! Jẹ́nsinmi o!" Ìyá Ìbejì á rọra ti fèrèsé ẹ̀, gbàgà.

Ní Leeds, ìwé ìlànà ni wọ́n máa ń fún mi: oúnjẹ wo, gíráàmù mélòó, orin tí ajá fẹ́ràn tó bá fẹ́ sùn. (Mo ti bá ajá tó ń gbọ́ rédíò pàdé, ẹ má rò pé mo ń purọ́.) Tí ajá bá sọnù, ohun tín-ń-tín kan wà lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀ tí wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò tí nọ́ńbà á yọ. Òfin ni ní England láti oṣù kẹrin ọdún 2016 fún ajá, ó sì kan ológbò ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024. Kò sí nǹkankan lábẹ́ awọ Jẹ́nsinmi, bóyá àfi eégbọn. Ṣùgbọ́n ajá náà ò lè sọnù bó bá wù ú. Tó bá jáde láàárọ̀, kí n tó fọ eyín tán, ọmọ kéú kan á ti kan géètì: "Àǹtí, ajá yín wà nídìí alápatà." Ó ṣe díẹ̀, ìyá eléko á ké láti òdìkejì pé ó ti ń bọ̀, kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi tẹnu mọ́ ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí ọdún ti yí po. Ó ti pẹ́ tí àrùn yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín àwọn ajá ìlú òyìnbó tí mò ń tọ́jú, n kì í ronú kàn án. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára èèyàn, ikú ló máa ń yọrí sí. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsíbítù lọ lọ́jọ́ náà. Mo so ajá mọ́ okùn, mo dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró.

"Ajá yẹn máa sanwó ìjókòó tiẹ̀ o," awakọ̀ wí.

"Ilẹ̀ ló máa jókòó sí."

"Ilẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni, Àǹtí. Kì í ṣe ilẹ̀ títì."

Ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹja lé ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ló gbà wá sílẹ̀. "Jẹ́ kó wọlé. Ajá tó ń lọ gba abẹ́rẹ́ sàn ju ọkọ mi lọ, ẹni tí wọ́n ń lé kiri àdúgbò nítorí oògùn ìfúnpá." Mo san owó èèyàn méjì. Jẹ́nsinmi ki imú bọ agbọ̀n ẹja títí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Ẹ̀rù Àlùfáà ojúlé kejì ló bà mí jù, tori àdúgbò Mùsùlùmí ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ajá sáré kọjá níwájú mi, ó fi ahọ́n kan omi inú abọ́ tí Àlùfáà gbé sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tọrọ gáfárà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde. Ó ní Ànábì sọ pé kí á fọ abọ́ tí ajá bá lá nígbà méje, wọ́n á sì fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Máálíkì tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ajá tó wà láàyè kì í ṣe nájísì, ìyẹn ohun àìmọ́. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ kéú tó ti pé jọ wòran, ó bi wọ́n léèrè pé àwọn ta ni ajá wọn na ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ihò nínú Súrà Káfì inú Kùránì. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ imú tútù lára mi o, Àǹtí," ni gbólóhùn tó fi kádìí rẹ̀.

Ológbò kò ní wàhálà púpọ̀, àfi ti ẹnu rẹ̀. Mo lọ sí ọjà ẹja Olúwo, mo ní kí ìyá ẹlẹ́ja bá mi ṣa ọ̀bọ̀kún wẹ́wẹ́, ológbò ni mo fẹ́ fún. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ológbò ń jẹ ọ̀bọ̀kún, ọmọ èèyàn ń jẹ pánla inú yìnyín!" Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀ ó dá ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ ẹja kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ó má baà há ológbò lọ́fun, ó sì fi èènì lé e. Alángbá ni ológbò padà jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọ̀sán wò, tí mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí, ni ibi tí Jẹ́nsinmi máa ń sùn sí. Bí oòrùn bá là lọ́sàn-án gangan, ìhà ọ̀sà ni ajá yìí máa ń lọ, ẹ̀yìn táńkì omi. Ìhà gúúsù sì ni ọ̀sà wà sí wa. Ní Leeds, òjìji ọ̀sán kì í wà ní gúúsù láé, àríwá ni, yálà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òtútù. Mo wá rántí pé ní oṣù kẹjọ, oòrùn ti kọjá lórí wa lọ sí òkè ọya. Ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù, àtàrí àwọn ará Kánò gan-an ló ń wà lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ló tó padà sórí Ẹ̀pẹ́. Òjò náà bá a lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òjò fi ń dá dúró fún wa ní àárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, nígbà tó jẹ́ pé oṣù kẹjọ lòjò pọ̀ jù ní Kánò. Òkun náà tún máa ń tutù lásìkò yìí, kì í jẹ́ kí òjò ṣú bọ̀rọ̀. Ajá kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n ibi tí òjìji ń bọ̀ sí ló ti ń dúró dè é.

Òtútù ló sì ń mú wa, ẹ gbọ́. Súẹ́tà tí mo wọ̀ wálé ni mò ń wọ̀ jókòó lálẹ́. Ẹni tó bá pe Ẹ̀pẹ́ ní ìlú ooru, kó bi àwọn ará England léèrè ohun tí ojú wọn rí ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, tí ooru wọn dé 40.3°C ní Coningsby. Mò ń ṣọ́ ajá kan lọ́dún náà. Àtẹ́lẹwọ́ ni mò ń kọ́kọ́ fi kan ọ̀dà títì kí n tó jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ lé e, òru ni a sì ń rìn.

Oṣù ku díẹ̀ kó parí ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì nírọ̀lẹ́. Ó dúró lẹ́nu géètì tirẹ̀, ó kọjú sí ilé wa, ó ń pe ọmọ ajá dúdú kan tí n ò rí rí: "Talódíọlọ́wọ́! Talódíọlọ́wọ́, máa bọ̀ o!" Jẹ́nsinmi dìde, ó ń ju ìrù. Mo pe Kánádà lójú ẹsẹ̀, mo ro gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Akọ ni àbí abo?" ló bi mí.