Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àlejò tó ń bá wa kọ́lé ní Rẹ́mọ

Ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ fọ́máànù kọ́ mi ní Ṣágámù ni pé àlejò kì í fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kò yé òun. Ẹ ó ní kó má ṣe gba abẹ́ dẹ́ẹ̀kì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kọjá, á ní, "Yẹ́ẹ̀sì, ọ̀gá." Kí ẹ tó yíjú padà, abẹ́ dẹ́ẹ̀kì náà ló wà. Kì í ṣe oríkunkun. Ẹni tó ti Kútọnu tàbí Lomé wá lẹ táìlì, ọmọ Ìgèdè tó ti Bẹ́núé wá, àwọn ọmọ Haúsá tí à ń gbà ní Sábó láàárọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí ọ̀gá bá rí i pé àwọn ò gbọ́ èdè, ẹlòmíì ló máa gba iṣẹ́ náà lọ́la.

Nítorí náà, n kì í béèrè pé ṣé ó yé ẹ. Mo máa ń ní kó ṣe é lójú mi. Mo sì máa ń wá ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa láàárín àwọn tó ń sọ èdè kan náà, kó máa túmọ̀ fún àwọn yòókù. Mo máa ń fi nǹkan lé owó iṣẹ́ onítọ̀hún, torí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Àwọn onílé kan máa ń ní owó ìfiṣòfò ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń bà mí jù ni inú ihò: sóòkàwéè, kànga, ìpìlẹ̀ tó jìn. Àlejò la sì sábà máa ń gbé iṣẹ́ yẹn fún, torí ọmọ ilé kì í fẹ́ ẹ. Ẹ wo yẹ̀pẹ̀ tútù tó kún àpótí tó ga ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan: ó wúwo ju ọgbọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Kò sí ẹni tí ìyẹn máa rọ́ lù láyà tó máa ráyè mí. Ní sáìtì kan tí mo yà sí nígbà òjò, ẹ̀gbẹ́ ihò wó, ó bo ọmọkùnrin kan dé àyà. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rí i láti àárọ̀ pé ilẹ̀ ń là. Kò sí èyí tó lẹ́nu láti sọ nínú wọn, torí bí iṣẹ́ bá dúró, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ mi, ihò tó bá ti jìn kọjá àyà, a máa gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. A kì í kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí etí rẹ̀. Àkàbà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn lókè. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, èmi ni mo máa kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ń là, iṣẹ́ dúró, owó rẹ̀ kò sì ní dín. Bí ẹ ò bá lè ṣe ti owó yìí, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni máa pariwo fún yín.

Sìmẹ́ǹtì tútù náà ń jó ara. Ẹ má jẹ́ kí lébìrà fi sílípáàsì tẹ káńkéré, ẹ ra bàtà òjò fún un, ẹ má sì yọ owó rẹ̀ lára owó iṣẹ́. Ẹni tó ń gé táìlì, kó máa da omi sí i kí eruku má baà gòkè. Mílíìkì tí wọ́n ń mu lẹ́yìn iṣẹ́ pé kó fọ eruku kúrò láyà, inú ikùn ló ń lọ, kò dé ẹ̀dọ̀fóró.

Òfin kan wà láti ọdún 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó òṣìṣẹ́. Òfin náà ka ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, kódà bó jẹ́ ẹnu lásán la fi ṣàdéhùn. Ẹni tó fara pa ní láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí lédè wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi ọgbẹ́ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ìmígíréṣọ̀n. Kò dára kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀rọ̀ ìwé halẹ̀ mọ́ ọmọ Tógò kó lè gun àkàbà tó ti jẹrà.

Kó tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, kì í ṣe "Àbókì" tàbí "Ègùn" tí a ń pè é. Ẹ kọ nọ́ńbà ará ilé rẹ̀ kan sí i. Bí ẹ bá gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù, tí wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́, ẹ ó rí ohun tí ẹ máa sọ.