Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì lórí relativity, ẹ má fo Kaufmann

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn lórí relativity, tíọ́rì Einstein nípa ààyè, àkókò àti eré ìmọ́lẹ̀, tán. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Michelson àti Morley, àwọn tó wá ether tí wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ń gbà rìn tí wọn kò rí i, ní Cleveland, 1887, tí wọ́n sì fò fẹ̀rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Einstein ní 1905. Ọdún 18 tó wà láàárín ńkọ́? Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Èkíní, ẹ ka ohun tí Einstein kọ fúnra yín. Òòfà àti wáyà ló fi bẹ̀rẹ̀: yálà òòfà ló ń rìn tàbí wáyà, iná kan náà ló ń jáde, síbẹ̀ àlàyé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún un. Kò dárúkọ Michelson níbẹ̀ rárá. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, olùyẹ̀wò kan fi bírò pupa fa igi sí i, ó sì gé máàkì mi. Inú ṣì ń bí mi.

Èkejì, ẹ má rò pé ẹni tí èsì àyẹ̀wò bá kọ́kọ́ tì lẹ́yìn ló jàre. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Walter Kaufmann, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti 1901 ní Göttingen, títí tó fi dé Bonn, ó ń jẹ́ kí electron, hóró kékeré tó ń gbé iná, tó ń jáde lára radium bíńtín gba inú pápá iná àti ti òòfà, kó lọ ya ìlà sára gíláàsì fọ́tò. Bí ìlà náà bá ṣe tẹ̀ ló ń sọ bí electron ṣe ń wúwo sí i tí eré rẹ̀ bá ń súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Max Abraham, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ní electron le bí òkúta, kì í yí padà. Lorentz, onímọ̀ físíìsì ará Netherlands, ní ó máa ń fún pọ̀ síhà ibi tó forí lé. Iye tí Lorentz àti Einstein fún ìwúwo electron sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Abraham ni èsì Kaufmann tì lẹ́yìn. Ní 1906 ó kọ ọ́ gbangba pé èsì òun kò bá ìpìlẹ̀ Lorentz àti Einstein mu. Lorentz, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti gba Nobel ní 1902, kọ lẹ́tà sí Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ní oṣù kẹta ọdún náà pé ọgbọ́n ti tán nínú òun. Gíláàsì fọ́tò lásán! Ó fẹ́ẹ̀ wó ilé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́.

Max Planck, onímọ̀ físíìsì ní Berlin, kò pariwo ní tirẹ̀. Ó jókòó ti nọ́ńbà Kaufmann, ó tún wọn ṣírò, ó sì rí i pé Abraham ló súnmọ́ wọn jù lóòótọ́, àmọ́ kò tó ohun tí wọ́n lè fi dá ẹjọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bi wọ́n léèrè afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ: ṣé kì í ṣe òun ló ń dín agbára pápá iná kù? (Ẹ̀yin tí ẹ kì í yẹ pọ́ǹpù wò kí ẹ tó ya gíráàfù, ẹ ti gbọ́.) Einstein náà gbà ní 1907 pé èsì bá Abraham mu ju tòun lọ, ṣùgbọ́n kò gbà pé tíọ́rì tí kò kó ju ìwọ̀nba nǹkan mọ́ra lè jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ n parí ìtàn yìí. Ní 1908, Bucherer, onímọ̀ físíìsì mìíràn, ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ ní Bonn, Lorentz àti Einstein ló wá jàre, ni ọ̀pọ̀ bá sọ pé ó parí. Kò parí. Ní 1938, Zahn àti Spees fi hàn pé irú ẹ̀rọ yẹn náà kò lè ya tíọ́rì méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa. Abraham ti kú láti 1922, kò sì fara mọ́ relativity títí. Ẹ̀ ń pè é ní alágídí nínú pírójẹ́ẹ̀tì yín. Lójú ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ní 1906, òun ló jàre.