Mo mú Màámi lọ wo ẹkùn láàyè

Bàbá tó bí màmá mi, ọdẹ ni wọ́n, ní ìhà Ìgbẹ́tì lọ́hùn-ún. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ oríkì ẹkùn kí n tó mọ ABD, torí òun ni Màámi fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Ẹkùn, ọlọ́là ijù. Àṣé Màámi fúnra wọn ò rí ẹkùn rí! Awọ ẹ̀ ni wọ́n mọ̀, èyí tí bàbá wọn fi kọ́ sára ògiri. Nígbà tó ku ọdún kan kí wọ́n pé àádọ́rin, mo bi wọ́n pé kí ni ká ṣe fún wọn, mo ti rò pé wọ́n á ní ká ra aṣọ ẹbí ká pe onífújì, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n rí ẹkùn tó ń mí." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kẹ́ńyà ni ká lọ, ọ̀rẹ́ mi kan ní Tànsáníà, ká ti igbó Serengeti kọjá sí erékùṣù Zanzibar. Ibi méjèèjì dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹkùn là ń wá, ẹni tó bá sì ń wá ẹkùn, Sabi Sand ní Gúúsù Áfíríkà ni kó forí lé. Igbó aládàáni ni, ó tó bíi 65,000 hẹ́kítà, ó fara ti Kruger tó ti jẹ́ igbó ọba láti 1926, wọ́n sì yọ wáyà tó wà láàárín méjèèjì ní 1993, ẹran ń lọ, ẹran ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹkùn ibẹ̀ ti mọ ọkọ̀ láti ìran ìyá dé ìran ọmọ, wọn kì í sá. Ìyẹn nìkan kọ́, tẹ́ ẹ bá fi mọ́tò ara yín wọ Kruger, ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti wọlé kí wọ́n tó ti géètì nírọ̀lẹ́, àmọ́ ní Sabi Sand ọkọ̀ lọ́ọ̀jì, ìyẹn ilé àlejò inú igbó, lè yà wọgbó tẹ̀lé ẹkùn, ó sì lè wà níta lẹ́yìn tílẹ̀ bá ti ṣú. Ohun tí èèyàn ń sanwó gọbọi fún nìyẹn.

Àti pé Màámi ò lè dé ilẹ̀ Mandela kí wọ́n má rí Robben Island, erékùṣù ìtòsí Cape Town tí wọ́n ti fi Mandela sẹ́wọ̀n, torí náà Cape Town wọ inú ètò náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àkókò ló fẹ́ dàrú mọ́ mi lójú. Ẹ fetí sí èyí dáadáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa igbó àti òkun pọ̀ lórílẹ̀-èdè yẹn: òjò ibẹ̀ ò rọ̀ lásìkò kan náà. Lápá Kruger, oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni ọ̀gbẹlẹ̀, koríko á kúrú, ewé á wọ́ dànù, omi á ṣẹ́ kù síbì kan síbì kan, gbogbo ẹran á máa wá síbẹ̀, ẹ̀yin náà á máa rí wọn. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà sí ìkẹjọ yẹn gan-an ni òjò àti òtútù ń bá Cape Town fínra. Tẹ́ ẹ bá wá sọ pé oṣù Kejìlá lẹ fẹ́ torí òkun, igbó á ti kún, ẹkùn á dùbúlẹ̀ níwájú yín ẹ ò ní rí i. Mo pààrọ̀ ọjọ́ títí kí n tó fàbọ̀ sí oṣù Kẹsàn-án. Igbó ṣì gbẹ, Cape Town ti ń móoru díẹ̀díẹ̀, àbùùbùtán (whale) sì ṣì wà lójú òkun.

Owó ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún yín, ó pọ̀. Lọ́ọ̀jì tó dáa ní Sabi Sand, ẹnì kan lálẹ́ kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti bíi 600 dọ́là, àwọn kan sì wà tó ju 2,000 lọ. Oúnjẹ àti wíwọ igbó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti wà nínú ẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́rin la dá àjọ ẹ̀ fún ọdún kan ó lé oṣù méjì, kò sẹ́ni tó yẹ ọjọ́. Ẹ má lọ sùn oorun alẹ́ méjì níbi tó wọ́n jù kẹ́ ẹ wá kó ẹrù yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ rí ìdí ìgalà, ẹ wá ibi tí owó ẹ̀ rọjú, kẹ́ ẹ sun mẹ́rin. Ọjọ́ lẹkùn ń bèèrè.

Físà ló fojú wa rí màbo. Ẹni tá a gbà pé kó bá wa ṣètò ẹ̀ gbowó, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, ọ̀sẹ̀ karùn-ún la tó mọ̀ pé kò tíì gbé fọ́ọ̀mù Màámi dé ibì kankan. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Fúnra mi ni mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe, a sì ní láti san owó lé tíkẹ́ẹ̀tì ká tó lè sún ọjọ́ síwájú. Ẹ fi oṣù mẹ́ta gbáko sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé yẹ́lò káàdì yín pé, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá àwọn ọmọ Nàìjíríà márùndínláàádóje padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Johannesburg ní 2012. Kruger ní màláríà, Cape Town ò ní, dókítà kọ oògùn fún Màámi kí wọ́n máa lò ó.

Èkó sí Johannesburg, bíi wákàtí mẹ́fà. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kékeré gbé wa dé Skukuza, pápákọ̀ òfuurufú tó wà nínú Kruger. Báàgì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, ìwọ̀n ẹrù ò pọ̀.

Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà ò ní òrùlé, òtútù yẹn kì í ṣe kékeré, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo Màámi, wọ́n tún gbé rọ́bà omi gbígbóná lé wọn lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀yà Shangaan kan jókòó sórí àga kékeré tí wọ́n dè mọ́ iwájú ọkọ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa wo ilẹ̀. "Gogo" ló ń pe Màámi, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí ọkọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó lóṣòó ti ipasẹ̀ kan lójú yanrìn. Màámi na ọrùn, wọ́n ní kí n sọ fún un pé ti òru nìyẹn, pé kòkòrò ti rìn lórí ẹ̀. Mo sọ ọ́ lóyìnbó. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wo Màámi lọ títí, ó wá fọwọ́ pè wọ́n. Awakọ̀ wo ọ̀tún wo òsì, ó ní kò séwu, a sì ràn wọ́n lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì lóṣòó síbẹ̀, èdè wọn ò jọra, ìka wọn ló ń sọ̀rọ̀: èyí ti pẹ́, èyí ò tíì pẹ́, ibí ló ti yà. Mi ò mọ̀ pé Màámi mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

A ò rí i láàárọ̀ yẹn. A rí erin, a rí àgùnfọn, a rí ẹfọ̀n tó pọ̀ bí ẹní pé wọ́n ń lọ sọ́jà, Màámi sì kí wọn, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹran Ọya."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni. Ìrù ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ó rọ̀ sílẹ̀ láti orí igi marula bí okùn, ṣóńṣó ẹ̀ ká sókè. Òun fúnra ẹ̀ na gbalaja sórí ẹ̀ka, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dirodiro, òkú ìmpálà, irú ẹtu kan, tó gbé gùn há sáàárín ẹ̀ka igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ẹ́ wọ̀. Àwọn tóótòòtó ara ẹ̀ yẹn, ẹ súnmọ́ ọn kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé dúdú náà ò kún, àárín ẹ̀ pọ́n bí epo. Ó la ojú, ó wò wá, ó tún pa á dé. Màámi di ọwọ́ mi mú, ètè wọn ń mì, mi ò gbọ́ ohùn ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń kì. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n ní, "Bàbá mi ò parọ́."

A fò láti Skukuza tààrà sí Cape Town. Ìdí tí mo fi ní kí igbó ṣáájú nìyí: jíjí ní aago márùn-ún á ti rẹ̀ yín, òkun á wá fún yín ní oorun. Atẹ́gùn ò jẹ́ kí ọkọ̀ orí okùn gòkè Table Mountain fọ́jọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta ojú ọ̀run mọ́, a sáré lọ láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà ń yí, Màámi rí gbogbo ìlú láìyíra padà. Ẹ má sún òkè yẹn sí ọjọ́ ìkẹyìn láé. Ní Hermanus, ìlú kan tí kò jìnnà sí Cape Town, etíkun lásán la dúró sí, a gbọ́ ẹ̀mí àbùùbùtán kí a tó rí ẹ̀yìn ẹ̀, ìyá àtọmọ.

Robben Island la fi kádìí ẹ̀. Ẹni tó mú wa kiri ọgbà náà, ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ ni òun náà tẹ́lẹ̀. Mandela lo ọdún méjìdínlógún níbẹ̀ nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. A yọjú wo yàrá ẹ̀ láàárín irin: ẹní àti búláńkẹ́ẹ̀tì, tábìlì kékeré, garawa. Màámi ò kúrò níbẹ̀. Tíṣà ni wọ́n nígbà tí Nàìjíríà dá owó ìrànwọ́ Gúúsù Áfíríkà sílẹ̀ ní 1976, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún ọkùnrin náà. Mo sọ ọ́. Ó bọ́ fìlà ẹ̀, ó gba ọwọ́ Màámi méjèèjì, ó dì wọ́n mú, àwọn yòókù ti lọ síwájú, kò dá wọn dúró, kò sì ju ọwọ́ náà sílẹ̀ títí wọ́n fi pè wá pé ọkọ̀ ojú omi fẹ́ gbéra.