Owó Tí Olówó Rẹ̀ Kò Wá Gbà

Bí iléeṣẹ́ adójútòfò kan bá kógbá sílé ní Amẹ́ríkà, ariwo rẹ̀ kì í pẹ́ rọlẹ̀. Owó tó yẹ kí wọ́n pín ló máa ń pẹ́ nílẹ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orí tábìlì mi sì ni àwọn àpòòwé tó padà wá máa ń balẹ̀ sí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ á ti lẹ ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ iwájú rẹ̀, pé ẹni tí a kọ ìwé sí ti kó kúrò níbẹ̀. Ìwé sọ̀wédowó inú rẹ̀ kò tíì fojú kan ẹni tó ni ín.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àwọn tó wọ gbèsè kò kan iléeṣẹ́ adójútòfò. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń bójú tó o, aláṣẹ ètò adójútòfò ìpínlẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́ sì máa ń fi ohun ìní rẹ̀ lé lọ́wọ́. Àjọ onígbọ̀wọ́ ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ san ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà dé ìwọ̀n tí òfin gbà. Lórí adójútòfò ẹ̀mí, 300,000 dọ́là ni ìwọ̀n náà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bí ẹni tó ni ìwé bá kú. Aláṣẹ yìí tó di alábòójútó á wá kó ìyókù jọ, á sì pín in ní ìpele ìpele: ìnáwó iṣẹ́ náà ló ṣáájú, àwọn tó ní ìwé adójútòfò tẹ̀ lé e, àwọn olówó yòókù wà lẹ́yìn, àwọn tó ra ìpín ìdókòwò ló sì gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ yìí kì í yá. Ọdún 2001 ni ilé ẹjọ́ Pennsylvania pàṣẹ pé kí wọ́n tú iléeṣẹ́ Reliance palẹ̀, wọ́n sì ṣì ń pín owó rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà. Kí owó tó délé, àwọn kan á ti kú, àwọn kan á ti lọ́kọ tí wọ́n á sì ti pa orúkọ dà, ẹlòmíràn á ti kó ilé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìwé sọ̀wédowó obìnrin kan padà wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà kò ní ju àdírẹ́sì àtijọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú fáìlì rẹ̀, mo rí lẹ́tà kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó ní bí wọn kò bá rí òun, kí wọ́n wá ọmọ òun obìnrin kàn, ó sì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù ọmọ náà sí etí ìwé. Ìyá ti kú. Ọmọ fi ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ìbúra ránṣẹ́, ó sì gba owó náà. Ó lé díẹ̀ ní igba dọ́là.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ọ̀gá mi jiyàn pé kí ilé ẹjọ́ tó pa ìwé iléeṣẹ́ dé ló yẹ ká wá olówó. Bí wọ́n bá ti pa á dé tán, wọ́n á gba àṣẹ láti run àwọn fáìlì, lẹ́tà irú ìyá yẹn á sì bá wọn lọ. Ọ̀gá mi náà kò jẹ̀bi tán, nítorí inú owó àwọn yòókù la ti ń yọ owó tí à ń ná sí ìwákiri, kò sì bọ́gbọ́n mu ká fi ogójì dọ́là wá ẹni tó ni mọ́kànlá. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ fún ni pé, bí a bá ń kó owó náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú owó tí olówó kò gbà, ká kọ nọ́ńbà ìwé adójútòfò mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé tó wà níbẹ̀ lè mọ ohun tí olówó ń sọ bó bá dé. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí èyí: àwọn kan á tọ́jú owó náà de olówó láìní gbèdéke, àwọn mìíràn á fi sí àpò ọ̀tọ̀ fún ìwọ̀nba ọdún péré. Ti ọlọ́dún péré yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ibi tí owó náà ń lọ wà lọ́wọ́ àdírẹ́sì. Lọ́dún 1965, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Texas pe ìpínlẹ̀ New Jersey, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpínlẹ̀ tí àdírẹ́sì olówó wà kẹ́yìn nínú ìwé onígbèsè, ìyẹn iléeṣẹ́ tó jẹ ẹ́ lówó, ló ni títọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí àdírẹ́sì kankan, ìpínlẹ̀ tí onígbèsè ti forúkọ sílẹ̀ ló ni ín.

Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé iléeṣẹ́ tó ti kógbá sílé jẹ òun tàbí òbí òun lówó, kí ó wá orúkọ náà ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gbé rí, kí ó fi orúkọ ilé bàbá wá a, kí ó sì tún fi orúkọ ilé ọkọ wá a. Ọ̀fẹ́ ni ìwákiri lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá kọ̀wé sí yín pé kí ẹ fún òun ní ìdá mẹ́ta owó kí òun tó bá yín rí i, ohun tí ẹ lè fúnra yín ṣe ló fẹ́ tà fún yín. Kí ẹ sì yẹ ìpínlẹ̀ tí iléeṣẹ́ náà ti forúkọ sílẹ̀ wò, bí ẹ kò tilẹ̀ débẹ̀ rí, nítorí ó lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ kò kọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀.