Kí ẹ tó gbé ayọ́n lé reverb Fender àtijọ́

Reverb ni àpótí tó ń mú kí gìtá dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá la wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oní-tube (ìyẹn àwọn tó ń fi gílóòbù onígíláàsì gbé ohùn sókè) tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé ó ti kú, kò kú o. Wáyà tín-ín-rín kan ló já nínú pan ẹ̀, ìyẹn àwo irin tí sípíríǹgì wà nínú ẹ̀, tàbí okùn RCA tó so pan mọ́ ìyókù ẹ̀ ló ti jẹ níbi ọrùn, àmọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ẹnì kan á ti gbé ayọ́n tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì wọ inú ẹ̀, á ti yọ ohun tó ṣì dáa dànù, á wá fi èyí tó já gan-an sílẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí wọra. Ìdí tí mo fi ní kí n kọ eléyìí nìyẹn, kẹ́ni tó bá rí ọ̀kan rà lè mọ ohun tó rà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Fender Reverb Unit ni mò ń sọ, èyí tí Fender, àwọn tó ń ṣe gìtá àti ampilifáyà, ṣe, 6G15 la máa ń pè é láàárín ara wa, torí nọ́ńbà tó wà lórí àwòrán sẹ́kíìtì ẹ̀ nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì náà ṣe tiwọn láyé ìgbà yẹn o, ṣùgbọ́n eléyìí ni mo mọ̀ dunjú, òun náà sì làwọn èèyàn ń wá kiri. Fullerton ní California ni wọ́n ti ṣe é, láti 1961 sí 1966. Àpótí kékeré ni, ó fẹ́ jọ orí ampilifáyà, kò sí sípíkà kankan nínú ẹ̀, nọ́bù mẹ́ta ló wà níwájú: Dwell (bí a ṣe máa mi sípíríǹgì lágbára tó), Mixer (bí reverb ṣe máa pọ̀ tó nínú ohùn) àti Tone (bí ohùn ẹ̀ ṣe máa mú tó). Ohun tó fà á tó fi dá dúró ni pé ampilifáyà Fender ìgbà yẹn ò ní reverb nínú, ó di 1963 tí ampilifáyà Vibroverb wọn jáde kí wọ́n tó kó méjèèjì pọ̀ sójú kan. Gìtá á kọ́kọ́ wọnú àpótí yìí, àpótí á wá wọnú ampilifáyà. Dick Dale àtàwọn tó ń ta gìtá surf (orin àwọn tó ń gun ìgbì òkun) létí òkun gúúsù California ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ìró tó ń kán tó-tó-tó lẹ́yìn gìtá wọn yẹn, inú àpótí yìí ló ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ibi tó ti bàjẹ́. Tube mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. 12AT7 ló ń gba ohùn gìtá wọlé, ó gbé e fún 6K6, 6K6 ló wá lágbára tó láti fi tiransifọ́mà kékeré kan mi sípíríǹgì inú pan. Kọ́ìlì kan wà ní ìpẹ̀kun pan yẹn tó ń fi iná mi mágínẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ tó so mọ́ sípíríǹgì, ìmìtìtì yẹn á rìn dé ìpẹ̀kun kejì, kọ́ìlì ibẹ̀ á sọ ọ́ di iná padà, á tún ta padà lọ, á tún ta padà bọ̀, bó ṣe ń ta kiri yẹn ló ń dún létí wa pé a wà nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ohun tó bá jáde ti rẹ̀ gan-an, 12AX7 (wọ́n lè kọ 7025 sí i lára, kò síyàtọ̀ tó yẹ kó dà yín láàmú) ló máa gbé e dìde kó tó dé Mixer. Hammond, àwọn tó ń ṣe ọ́gàànù ní Chicago, ló sọ sípíríǹgì di nǹkan orin, àwọn náà sì rí i látọ̀dọ̀ Bell Labs tó ń lò ó láti fi ṣe àfarawé bí ohùn ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé lórí tẹlifóònù ọ̀nà jíjìn. Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe ń rìn.

6K6 yẹn ni gbogbo àṣírí ẹ̀. Nínú Twin Reverb, ampilifáyà Fender tó ní reverb nínú, àtàwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò ẹ̀, 12AT7 kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń mi sípíríǹgì, agbára ẹ̀ ò tó ti 6K6 rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Dwell tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ pinnu bí sípíríǹgì ṣe máa jìyà tó. Ẹni tó bá sọ pé reverb inú ampilifáyà àti tàpótí yìí ìkan náà ni, kó lọ gbọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ó yá, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ojúlówó ni, àti ọdún tí wọ́n ṣe é? Àbúrò mi kan pè mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo rí ọ̀kan o, wọ́n ní 1962 ni, aláwọ̀ búráwùn ni." Mo ní àwọ̀ kọ́, jọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé búráwùn àti blonde (àwọ̀ tó fẹ́ jọ funfun) ló pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí dúdú wá dé lẹ́yìn, àmọ́ awọ ara àpótí yẹn, ẹnikẹ́ni lè ra tuntun kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ní kó sọ fẹ́ni tó ń tà á pé kó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, kó ya bébà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tube sí. Wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà méjì sórí bébà yẹn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lọdún: A ni 1951, ẹ máa kà á lọ bẹ́ẹ̀, K á bọ́ sí 1961, L sí 1962, M sí 1963, N sí 1964. Lẹ́tà kejì loṣù, A ni January. Fọ́tò dé, NE ló wà níbẹ̀. May 1964 nìyẹn, kì í ṣe 1962. Ó ṣì dáa gan-an, kò burú rárá, ṣùgbọ́n owó 1962 ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì dín in kù nígbà tó sọ fún wọn.

Bébà lè ti ya dànù tàbí kó ti ṣá. Nígbà náà ẹ wo tiransifọ́mà. Tẹ́ ẹ bá rí 606 lára ẹ̀, Schumacher ló ṣe é, nọ́ńbà kan tó tẹ̀ lé e lọdún, méjì tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀, bí àpẹẹrẹ 606-3-24 ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún 1963. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn nọ́bù náà níbi tí wọ́n ti wọ inú chassis (páálí irin tí wọ́n to gbogbo ẹ̀ sí), 304 ni ilé-iṣẹ́ Stackpole, 137 ni ilé-iṣẹ́ CTS, nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e á sọ ọdún àti ọ̀sẹ̀ fún yín. Ẹ má gbàgbé pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe nọ́bù yẹn nìyẹn o, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n to àpótí, ó lè ti wà nínú páálí fóṣù díẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Tí gbogbo ẹ̀ bá sún mọ́ra, ọkàn yín balẹ̀. Tí tiransifọ́mà bá sọ 1963 tí nọ́bù kan sọ 1971, ẹnì kan ti dé ibẹ̀ rí.

Èyí tí Fender tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti 1994 jọ ti àtijọ́ gan-an lójú. Àmọ́ ẹ ṣí i wò: bọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ sẹ́kíìtì sí lára lẹ máa bá níbẹ̀. Tàtijọ́, bọ́ọ̀dù dúdú kan báyìí tí wọ́n lu ihò sí, wáyà aláṣọ, gbogbo ẹ̀ ọwọ́ èèyàn ló fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀.

Pan náà ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe 6G15, Hammond ló ni pan. Àwọn pan kan wà tí O.C. Electronics ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn ní Milton, ní Wisconsin, tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé àwọn omidan arẹwà ló ṣe é. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá ti rí i, àfi nínú èyí tí wọ́n ní 1962 ni tí ò sì sí ohun tí wọ́n pààrọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn.

Tó bá wá di títúnṣe, ẹ má tíì gbé ayọ́n. Ẹ tan án, ẹ so ó mọ́ ampilifáyà, ẹ gbé Mixer sókè, kẹ́ ẹ wá mi àpótí yẹn díẹ̀. Tó bá dún gbàràmù, apá tó ń gba ohùn padà dáa: kọ́ìlì tó wà ní ìparí pan, okùn ẹ̀, 12AX7, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Wàhálà wà níwájú nìyẹn, lọ́dọ̀ 6K6 tàbí tiransifọ́mà kékeré yẹn tàbí kọ́ìlì tó ń mi sípíríǹgì. Tí kò bá dún rárá, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹ pa iná, ẹ yọ okùn méjèèjì kúrò lára pan, ẹ fi mítà wò ó. Ibi tí ohùn ń gbà wọlé, kó má tó ohm kan, ibi tó ń gbà jáde, bíi 200 ohms. Wọ́n kọ 8 ohms sí ti àkọ́kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ni ti ohùn, mítà ò ní kà á bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Tí mítà ò bá ka nǹkan kan, ẹ ṣí pan, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, wáyà wẹ́wẹ́ tó ti ara RCA lọ sí kọ́ìlì ló sábà máa ń já, lẹ́ẹ̀dì kékeré báyìí ló nílò. Àmọ́ kí ayọ́n má gbóná jù, kẹ́ ẹ sì má fà á.

Tó bá jẹ́ pé kọ́ìlì fúnra ẹ̀ ló jó, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ra pan míì, 4AB3C1B lẹ máa béèrè. Lẹ́tà A tó tẹ̀ lé 4 yẹn ni 8 ohms. Ẹnì kan ra èyí tó ní E, 600 ohms nìyẹn, reverb ẹ̀ wá rọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní tube ló kú, ó lọ pààrọ̀ gbogbo tube ẹ̀ lásán.

Àwọn kapásítọ̀, ìyẹn àwọn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú sẹ́kíìtì, ńkọ́? Àwọn tó ń sẹ́ iná, àwọn elektrolítíìkì, ọjọ́ wọn ti pé, wọ́n ti gbẹ, ẹ pààrọ̀ wọn tọ́kàn balẹ̀, àwọn ló sábà ń fa ariwo hùùù yẹn. Àmọ́ àwọn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n jókòó sórí bọ́ọ̀dù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre! Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì yọ wọ́n, ẹ ti gé owó kúrò lára nǹkan yín. Ẹ wọ̀n wọ́n, èyí tó bá ń jẹ́ kí iná kọjá nìkan ni kẹ́ ẹ yọ. Tó bá ń dún pàrà-pàrà láìsí ẹni tó fọwọ́ kan gìtá, ó lè jẹ́ resístọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 100k tó ń gbé iná fún tube, ìyẹn ò wọ́n. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sì yọ, ẹ kó o sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí, ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú á dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bíi 300 volts ló wà nínú ẹ̀, ó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi resístọ̀ tú u jáde, ẹ fi mítà wò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí okùn iná ẹ̀ bá ṣì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí ilẹ̀ ẹ̀ so mọ́ chassis. Tẹ́ ẹ bá rí kapásítọ̀ kan tó ti ibi iná lọ sára chassis, ẹ gé e kúrò, ìyẹn ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohùn, ó sì lè gbé iná lé èèyàn lọ́wọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ fẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí Èkó: 117 volts ni wọ́n ṣe é fún, tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná NEPA tààrà, ó ti jó nìyẹn. Stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín volts iná kù, lẹ máa rà. Ohun kan tún wà tí stepdown ò lè yí padà, 60 hertz ni tiransifọ́mà ẹ̀ mọ̀, 50 ni tiwa, nítorí náà ó máa gbóná ju bó ṣe ń gbóná lọ́dọ̀ mi níbí. Ẹ tàn án fún bíi wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn tiransifọ́mà yẹn lóòrèkóòrè. Tó bá gbóná débi tọ́wọ́ yín ò lè dúró lára ẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ pè mí.