Àwa àti Màmá ní Abúlé Elégédé

Nígbà ìwọ́wé, tí ooru ilẹ̀ Texas bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìlú Dallas ló máa ń lọ sí ọgbà Dallas Arboretum, létí adágún White Rock, láti wo elégédé ní apá ọgbà náà tí wọ́n ń pè ní Abúlé Elégédé (Pumpkin Village). Lọ́dún yìí, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa àti ìyá mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn la jọ lọ.

Àwọn elégédé àti igbá tí wọ́n ń kó jọ síbẹ̀ lé ní 90,000, Floydada, ìlú àgbẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn Texas, sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Ilé gidi ni wọ́n fi wọ́n kọ́, tí ọmọdé lè wọ̀: wọ́n á fi pákó gbé ilé náà ró, wọ́n á sì to elégédé léra wọn títí yóò fi di ògiri. Màmá fi ìka lu ọ̀kan wò bí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́jà, wọ́n sì béèrè ẹni tí yóò sè é bí àfihàn náà bá parí. Mo ṣàlàyé pé omi ló pọ̀ jù nínú àwọn ńlá tí àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ojú sí lára nígbà ọdún Halloween ní ìparí oṣù kẹwàá, àti pé àwọn kékeré ló dára fún sísè.

Ìdí igbá ọlọ́rùn gígùn la pẹ́ sí jù. Níbẹ̀ ni Màmá ti sọ fún àwọn ọmọ nípa akèrègbè ẹlẹ́mu, nípa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti nípa àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́. Ó dùn mọ́ mi pé elégédé àti igbá jọ wà níbẹ̀, nítorí Amẹ́ríkà ni orísun elégédé, níbi tí wọ́n ti rí hóró rẹ̀ tó ti tó 10,000 ọdún nínú ihò àpáta Guilá Naquitz ní Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n Áfíríkà ni orísun igbá. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí igbá ti léfòó gba orí òkun Àtìláńtíìkì dé Amẹ́ríkà, láìsí ẹni tó gbé e. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ èyí dáadáa.

Màmá ní kí a wá hóró elégédé, kí a gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí òtútù bá lọ, nítorí pé àwọn ọmọ kò tíì jẹ ọbẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ rí. Oṣù kẹrin la fi sí.