Ìwé Tí Ó Wà Nínú Àpò Irinṣẹ́ Mi

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ń kọ èyí. Òjò ti dá, ìyàwó mi ti sùn, mo sì jókòó sídìí tábìlì tí mo fi ń ya pláànù ilẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé kan ti wà nínú àpò tí mo fi ń gbé irinṣẹ́ lọ sóko ìwọnlẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, mo sì fi í sáàárín pláànù àwọn oníbàárà, nítorí mo mọ̀ pé ìyàwó mi kì í tú ibẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ni. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ni ó fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, tí wọ́n ní kí n jókòó, tí àwọn fúnra wọn sì dìde lọ ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Ẹgbẹ́ Ògbóni ni. Ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ yẹn ju ọ̀kan lọ lóde òní, n kò sì ní kọ èyí tí ó jẹ́ tiwọn síbí. Wọ́n ní àwọn ni yóò dúró fún mi, wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti rò ó, nígbà tí mo sì ti dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: "Àkànní, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kọjá àárín èmi àti ìwọ. Ti ìyàwó rẹ náà wà níbẹ̀."

Kí n tó kọ ohun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ó wù mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wọn ilẹ̀ ní agbègbè Abẹ́òkúta yìí, mo sì ti ri òpó kọ̀ǹkéré mọ́ igun ilẹ̀ láti Ọ̀dẹ̀dá títí dé Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ìgbà tí mo ti kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ ńlá, tí ìwé ẹ̀rí mi pé, tí iye tí mo dá lé iṣẹ́ náà kò pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, tí iṣẹ́ náà sì tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò lóǹkà mọ́. Èyí tí ó dùn mí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún bíi mẹ́rin sẹ́yìn, ní ọ́fíìsì kan tí a ti lọ gbọ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ilẹ̀ ilé gbígbé kan. Ọkùnrin tí ó wà níwájú mi lórí ìlà na ọwọ́ òsì, bí àwọn Ògbóni ṣe ń kí ara wọn, sí ọ̀gá tí ó jókòó lẹ́yìn tábìlì, ọ̀gá náà dìde, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí ó kàn mí, mo na ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀gá náà kò dìde.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá mi sọ pé "awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, bí awo kò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo á tẹ́", n kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó: pé àwọn ọmọ mi yóò lọ sí Kánádà tàbí ibòmíràn, àti pé bí mo bá wó lulẹ̀ láago méjì òru, ọmọ ìyá, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, ni yóò gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ti iṣẹ́ lọ. Mo ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní kù bíi mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ mí lówó.

Ti ẹ̀rù kò sí nínú ohun tí ń dà mí láàmú. Àwọn fíìmù wa ti sọ ọ́ di àṣà pé bí wọ́n bá ti ní "ẹgbẹ́", orí ènìyàn àti igbá ẹ̀jẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń da Ògbóni pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn inú yunifásítì. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, mo mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òyìnbó tó gba ìlú, Ògbóni ni ilé ẹjọ́ wa, òun náà sì ni ìgbìmọ̀ ìlú. Ọba kan kò lè dá pàṣẹ ńlá láìjẹ́ pé wọ́n lọ́wọ́ sí i. Àwọn Ìjẹ̀bú ń pe tiwọn ní Òṣùgbó. Ilẹ̀ ni wọ́n ń bọ. Ẹni tí ó bá ta ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ ti ba Ilẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì dé ilédì, ilé ìpàdé àwọn Ògbóni. Edan wọn, akọ àti abo tí a fi idẹ ṣe, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ lórí, ni àmì àṣẹ tí ènìyàn kò gbọdọ̀ rí kí ó má dá a lóhùn. Wọ́n máa ń sọ pé "Ògbóni méjì, ó di ẹta", ohun tí mo sì gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Ilẹ̀ gan-an ni ẹlẹ́kẹta tí ń gbọ́ ohun tí ẹni méjì bá jọ sọ. Èmi tí mo ń fi ilẹ̀ jẹun, tí mo ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ láyà lójoojúmọ́, kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ mí lójú, ṣùgbọ́n ó ń jọ mí lójú.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí mo ṣe ń rò ó lójú ọ̀nà oko. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, gbogbo ìlú ni ó mọ Olúwo, gbogbo ìlú ni ó mọ Apènà, àwọn olóyè ńlá Ògbóni, wọ́n sì ń rí ṣàkì, aṣọ àmì oyè wọn, léjìká wọn bí wọ́n bá ń lọ. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde lórí ọ̀rọ̀ owó orí, tí àwọn olóyè Ògbóni náà sì wá kẹ̀yìn sí Aláké Adémọ́lá Kejì kí ó tó kúrò nílùú ní ọdún 1948, kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé àwọn wo ni Ògbóni. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilédì ni awo. Àwọn tí ń wọlé lọ ṣe é kì í ṣe awo fún aládùúgbò wọn, áńbọ̀sì fún aya wọn. Èyí tí wọ́n pè mí sí yìí, ara mi ni wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe awo.

Mo kọ́kọ́ rò pé n ó rí ṣọ́ọ̀ṣì sá sí. N ó kàn sọ pé onígbàgbọ́ ni mí, ọ̀gá mi yóò sì fi mí sílẹ̀ láìbínú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé mi lọ́nà kí n tó dé ibẹ̀. "Ta ni o rò pé ó dá Ògbóni àwọn onígbàgbọ́ sílẹ̀?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àlùfáà ni, T.A.J. Ògúnbíyì ti ìjọ Áńgílíkà, ní Èkó, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1914. Ẹgbẹ́ Ògbóni àwọn Onígbàgbọ́ ni wọ́n pè é nígbà náà, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún Mùsùlùmí àti àwọn mìíràn tí ó fi di Reformed Ogboni Fraternity. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ti ń wọ ẹgbẹ́ Freemason ti àwọn òyìnbó ṣáájú ìgbà yẹn, ó sì wu àwọn kan nínú wọn kí àwọn náà ní èyí tí ó ti ilé wá, tí a ti yọ ìbọ kúrò nínú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹjọ, ni àwọn ọmọ ogun ìjọba yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjemọ̀ níhìn-ín, tí òmìnira Ẹ̀gbá sì dópin láìpẹ́ sí i. Mo máa ń rò ó pé ọdún tí Ẹ̀gbá pàdánù ìlú rẹ̀ ni àwọn agbádá Èkó sọ orúkọ náà di ti ẹgbẹ́ tiwọn. N kò sọ pé èkíní ló fa èkejì o. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí kò ní ìlú láti ṣàkóso mọ́, kí ni yóò ṣàkóso bí kò ṣe ire àwọn tí ó jọ wà nínú yàrá?

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé mi dé ìdí òfin. Mo lọ ka ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fúnra mi. Abala 38 sọ pé ẹ̀tọ́ òmìnira ẹ̀sìn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti dá ẹgbẹ́ awo sílẹ̀ tàbí láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Abala 318 ni ó túmọ̀ ohun tí ẹgbẹ́ awo jẹ́. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1979 yọ ẹgbẹ́ tí ó bá jẹ́ kìkì ti àṣà tàbí ti ẹ̀sìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọdún 1999 kò tún sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ihò tí ọ̀pọ̀ ṣì ń gbà jáde nìyẹn, ọ̀gá mi pàápàá ti rán mi létí rẹ̀: "Àṣà ni tiwa." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kì í ṣe lọ́yà. Ibi tí ó mú mi dúró ni ibi tí òfin náà ti ní ẹgbẹ́ awo ni èyí tí ń lo àmì tàbí ìbúra ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ lè máa ran ara wọn lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀nà, láìka ẹni tí ó tọ́ sí sí, láìka òdodo sí, tí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yóò fi pàdánù ohun tí ó ní ẹ̀tọ́ láti retí. Mo ka ibẹ̀ tán, mo tún un kà. Èmi ni ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Àṣé láti ọdún wọ̀nyí, ẹnìkan ti jókòó ní ọ́fíìsì kan, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé òfin. Lọ́jọ́ tí mo bá sì na ọwọ́ òsì, ẹnìkan yóò wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n bóyá, tí pláànù rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, tí yóò na ọwọ́ ọ̀tún.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti èyí nìkan, n kò mọ̀ bóyá n kò ní fọwọ́ sí i. Ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí dún lọ títí, owó ilé ìwé àwọn ìbejì sì wà nílẹ̀. Bàbá mi ni ó kù.

Ọdún 2003 ni bàbá mi kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe àìsùn, ọkùnrin mẹ́ta tí a kò rí rí wọ ọgbà wa, wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n ní àwọn ní ohun tí àwọn yóò ṣe fún òkú kí ó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi bi wọ́n pé àwọn wo ni wọ́n. Wọ́n sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi wà nílé ọkọ náà, kò gbọ́ ọ rí. Ariwo ta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dá sí i, àlùfáà gbọ́, ó ní bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan òkú náà, kí a má gbé e wá. Níkẹyìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra fún bíi wákàtí kan, wọ́n jáde, wọ́n lọ, àlùfáà sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, bóyá àdúrà lásán ni. Ìyá mi jókòó sí fàráńdà ní gbogbo àkókò náà, wọn kò jẹ́ kí ó wọlé.

Èyí tí n kò lè gbàgbé dé lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì kejì-kejì ni bàbá mi máa ń sọ pé òun ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyá mi a sì di ẹ̀kọ àti ẹja díndín fún un. Obìnrin náà mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀, ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn alájẹṣẹ́kù, ó ní òun wá gba owó tí ọkọ òun ti dá jọ. Wọ́n yẹ ìwé wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Orúkọ bàbá mi kò sí níbẹ̀ rí. Ìyá mi kò sọkún. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ẹja tí òun dín yẹn, òun máa ń yan èyí tí ó tóbi.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, èmi àti ìyàwó mi jọ ń bó ẹ̀gúsí. N kò pète pé n ó sọ ọ́. Mo ṣáà bá ara mi tí mo ń sọ ọ́, láti ìgbà tí ọ̀gá ti ilẹ̀kùn títí dé ibi tí mo fi ìwé náà pamọ́ sí. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ, kò gbójú sókè.

"Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n ní kí ẹ má sọ fún mi ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ sì ti sọ ọ́."

Mo ní mo ti sọ ọ́. Ó ti àtẹ náà sún mọ́ mi, ó ní èyí tí mo ń bó ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́la ni n ó lọ rí ọ̀gá mi. N ó dọ̀bálẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ kí àárín wa bàjẹ́. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, n kò ní dárúkọ òfin. N ó sọ fún wọn pé mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n ó sì gbé ìwé náà lé orí tábìlì wọn. Bóyá wọn yóò bínú, bóyá wọn yóò rẹ́rìn-ín. Mo ti yọ ọ́ kúrò láàárín pláànù báyìí, mo tẹ́ ẹ, ojú ìṣẹ́po mẹ́rin náà kò sì fẹ́ lọ. Mo fi í sílẹ̀ síhìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bí Ìyá Ìbejì bá ṣáájú mi jí, yóò rí i.